Ẹ̀dá tí Kò Lè Ké: Ìtọ́jú Aláǹtakùn Onírun

Ewúrẹ́ tí ebi ń pa yóò ké títí ará ilé yóò fi gbọ́. Ajá tí ara rẹ̀ kò yá yóò dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa wo olówó rẹ̀ lójú. Adìẹ tí àìsàn mú yóò dá dúró sí igun kan, yóò pa ìyẹ́ pọ̀, ìyáálé ilé yóò sì mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá kan wà tí wọn kò lóhùn, tí wọn kì í wo ènìyàn lójú, tí òùngbẹ lè pa kú nínú yàrá kan náà tí a ti ń jẹun tí a ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ni aláǹtakùn ńlá onírun tí àwọn Faransé ń pè ní mygale. Òun ni mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú oṣù yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní: « Ẹ wo olùkọ́ yìí! Ọmọ ènìyàn kò tíì rí dókítà tó, ó wá ń wá ìtọ́jú fún aláǹtakùn. » N kò bá wọn jà. Ìdí méjì ni mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín. Èkíní ni pé ẹ̀dá ilẹ̀ wa ni, a kò sì mọ̀ ọ́n tó bí àwọn àjèjì ṣe mọ̀ ọ́n. Èkejì ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń fi í sínú ìgò, àwọn mìíràn nítorí owó, àwọn mìíràn nítorí eré. Ẹni tó bá sì fi ìdérí dé ẹ̀dá kan mọ́lẹ̀ ti dí ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà omi mọ́ ọn. Ọrùn ẹni náà ni ẹrù méjèèjì wà láti ọjọ́ náà lọ.

Oríṣiríṣi ni aláǹtakùn onírun. Àwọn kan ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, àwọn kan sì ń gbé orí igi. Èyí tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ agbègbè wa jù lọ lẹ́nu àwọn oníṣòwò jẹ́ ará orí igi: inú ihò ara igi àti abẹ́ èèpo igi ni ó fi ṣe ilé, alẹ́ ni ó sì ń jáde wá oúnjẹ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ó ní àmì dúdú tóótòòtóó lára, débi pé bí ó bá lẹ̀ mọ́ igi, ojú lè fò ó dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá nípọn ju àwọn yòókù lọ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Heteroscodra maculata. Reginald Innes Pocock, onímọ̀ nípa ẹranko tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ó fún un ní orúkọ náà ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ìtumọ̀ maculata ní èdè Látìnì ni « alámì ». Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi orúkọ Togo kún orúkọ tí àwọn ń pè é lọ́jà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ kan lè wà ní Lyon tí yóò ti mọ Togo nípasẹ̀ aláǹtakùn kí ó tó gbọ́ orúkọ Atakpamé rárá.

Òwò yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó ẹranko ààyè láti Lomé lọ sí òkè òkun: erè kékeré tí a ń pè ní python royal, ọ̀gà, àti àkeekèe ńlá dúdú. Àkeekèe náà, Pandinus imperator, ti wà lábẹ́ àdéhùn CITES láti 1995. Àdéhùn yìí ni ó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, kò sì yẹ kí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kọjá ibodè láìní ìwé àṣẹ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá òwò náà ni a ti ń bá ọmọ abúlé tó mọ igi tó ní ihò. Òun ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá inú ihò, òun náà sì ni owó tó kéré jù ń kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun ìríra lásán ni ẹ̀dá yìí. Ní 2016, ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí ń jẹ́ Nature gbé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kan jáde tí wọ́n yẹ oró aláǹtakùn yìí gan-an wò. Wọ́n rí èròjà inú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lára ilẹ̀kùn kan tó wà lára iṣan ìmọ̀lára, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní Nav1.1. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́ sí irú ìrora tí ń dé bá wa bí nǹkan bá tẹ̀ wá tàbí tí ó gún wa. David Julius wà lára wọn, ẹni tí òun àti Ardem Patapoutian jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2021. Èyí kò túmọ̀ sí pé oògùn ti ti inú ihò igi wa jáde. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀dá tí a ń fi bàtà tẹ̀ pa ti kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀kọ́ kan nípa ara àwa ènìyàn fúnra wa.

Ní àkókò ọyẹ́ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì Seconde gbé ìgò mayonnaise kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́ SVT. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó mú aláǹtakùn márùn-ún fún oníbàárà kan tó ṣèlérí pé òun yóò padà wá kó wọn. Oníbàárà kò padà. Ẹ̀gbọ́n lọ sí Kútọnu láti wá iṣẹ́, ó fi àwọn ìgò náà sílẹ̀ lórí àpótí, ó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ pé bí ẹni náà bá dé, kí ó fi owó wọn ra ìwé ilé ẹ̀kọ́. Mẹ́rin ti kú. Ìkarùn-ún kó gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ara bí ìka ọwọ́ tí a dì, ikùn rẹ̀ sì hun jọ bí ata tí oòrùn gbẹ. Ọmọ náà ní: « Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti kú ni, àbí ó ṣì wà láàyè? » Ìyá rẹ̀ àgbà ti ní kí ó da omi gbígbóná lé e lórí kí ilé lè sinmi.

Kí a tó dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn, ó yẹ kí a mọ bí ara aláǹtakùn ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwa ènìyàn ní iṣan tó ń ká ẹsẹ̀, a sì ní èyí tó ń nà á. Aláǹtakùn ní èyí tó ń ká a. Ṣùgbọ́n ní àwọn oríkèé pàtàkì kan, kò ní èyí tó ń nà á. Omi ara rẹ̀, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ni ó ń tì sínú ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó lè nà. Ẹ wo rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà: bí omi bá kún inú rẹ̀, a nà gbọnrangandan, bí omi bá dá, a rọ̀, a sì ká jọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Nítorí náà, bí a bá rí i tí ó dojú bolẹ̀, tí ó kó ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sábẹ́, tí ikùn rẹ̀ sì hun, òùngbẹ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ebi kì í tètè pa á: èyí tó ti dàgbà lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹun. Òùngbẹ kì í dúró tó bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́ tí ètè àwa náà ń là.

Ohun tí a ṣe kò pọ̀. A gbé ìgò náà sínú ike fífẹ̀ kan tó ní ìdérí, a dà á ní ẹ̀gbẹ́ kí ẹ̀dá náà lè yọ jáde láìjábọ́. A bu omi sínú ìdérí ìgò tí kò jìn. A fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tì í jẹ́jẹ́ títí iwájú rẹ̀ fi kan etí omi, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, lẹ́yìn eyín oró rẹ̀ méjèèjì. A sì fi ewé koríko kan kán omi díẹ̀ síbẹ̀. A kò ri ara rẹ̀ bọ omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Abẹ́ ikùn ni ẹ̀dọ̀fóró aláǹtakùn onírun wà, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, tí inú wọn ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé. Bí omi bá bò wọ́n, ẹni tó fẹ́ gbà á là ni yóò pa á. Lẹ́yìn èyí, a fi aṣọ bo ike náà, a gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í pọ̀ sí, a sì kúrò níbẹ̀.

Kíkúrò níbẹ̀ ni ó nira jù fún ọmọ náà. Ó fẹ́ máa ṣí i wò ní wákàtí wákàtí. Ṣùgbọ́n aláǹtakùn kò ní etí bí tiwa. Irun ara rẹ̀ ni ó fi ń mọ ohun tó ń lọ ní àyíká rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá gbá ike, tí a bá gbé e sókè, tí a bá fẹ́ èémí sí i, ewu ni ó kà á sí, yóò sì ná agbára tí kò ní. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ mẹ́ta ti nà. Ní ọjọ́ kẹta, ó dìde, ó sì gun ara ike. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a fi bébà tútù sínú àpótí tí a dé pinpin, kí a gbé aláǹtakùn tó ń ṣàìsàn síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ibi tó tutù tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ yóò hu irun funfun bí búrẹ́dì tó ti bu, àìsàn mìíràn yóò sì ti ibẹ̀ wá. Omi mímu ni ó ń wá, kì í ṣe yàrá tútù.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń pa aláǹtakùn tí kò ṣàìsàn rárá. Ní ọjọ́ kan, olówó rẹ̀ yóò bá a tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ó na ẹsẹ̀ sókè, tí kò mira. Yóò ní ó ti kú, yóò sì gbé e jù sí ààtàn. Kò tíì kú: ó ń bọ́ awọ ni. Bí ejò àti alákàn ṣe ń bọ́ èyí tó ti há mọ́ wọn lára, bẹ́ẹ̀ ni aláǹtakùn ń ṣe kí ó lè dàgbà. Kì í sì í ṣe ti òde nìkan. Ìbòrí inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pàápàá ń bá awọ náà jáde. Ẹ fi èyí ṣe ìyàtọ̀: èyí tí òùngbẹ tàbí ikú mú sábà máa ń dojú bolẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ká sábẹ́, èyí tó ń bọ́ awọ sábà máa ń fẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, lórí òwú tí ó ta sílẹ̀ bí ẹní.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ó lè kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má fi ipá bọ́ ọ. Nígbà tó bá ń bọ́ awọ lọ́wọ́, ẹ má fi igi tọ́ ọ, ẹ má sì ràn án lọ́wọ́ láti fa awọ náà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni. Bí ìrẹ̀ tàbí aáyán ààyè bá wà nínú ike, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ara aláǹtakùn rọ̀ nígbà náà, kòkòrò tó yẹ kí ó jẹ lè jẹ òun fúnra rẹ̀. Eyín oró rẹ̀ yóò funfun ní àkọ́kọ́, yóò pọ́n, yóò sì dúdú nígbẹ̀yìn. Títí tí yóò fi dúdú, omi nìkan ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kì í pọ̀ jù.

Ìṣubú pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ikùn rẹ̀ rọ̀ bí èso tó pọ́n. Bí ó bá já bọ́ láti ọwọ́ ènìyàn sórí símẹ́ǹtì, ó lè bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í pupa bí tiwa, nítorí pé bàbà ni ó wà nínú rẹ̀ níbi tí irin wà nínú tiwa. Ó máa ń fara jọ omi aró tí a là. Bí ọgbẹ́ bá kéré, ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo kíkúná díẹ̀ lé e kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó dé abẹ́ ikùn níbi tí ẹ̀dọ̀fóró wà. Bí ẹsẹ̀ bá gé, ẹ má banú jẹ́: bí ó bá tún bọ́ awọ, ẹsẹ̀ mìíràn lè hù níbẹ̀, kékeré ní àkọ́kọ́, yóò sì máa tóbi sí i bí ó bá ti ń bọ́ awọ lọ.

Àwọn ohun kan wà tí a ń ṣe nínú ilé láìro ti aláǹtakùn, tí ó sì ń pa á. Oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín, àti èyí tí a ń tanná sí tó ń rú èéfín, kì í mọ ẹ̀fọn yàtọ̀ sí aláǹtakùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹ̀ tí a mú létí oko òwú. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ bí a ṣe ń fín oògùn apakòkòrò sí oko òwú. Ìrẹ̀ tó jẹ nínú ewé bẹ́ẹ̀ lè gbé májèlé wọ ẹnu ẹni tó bá jẹ ẹ́. Àjẹkù oúnjẹ tí a fi sílẹ̀ nínú ike ń fa kòkòrò funfun wínníwínní, tí yóò gùn ún lára. Ẹ máa kó àjẹkù kúrò ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ń yọ́ ní ẹnu rẹ̀, tí kò jẹun mọ́, aràn ni ó lè jẹ́. N kò mọ oògùn tó dájú fún un, ó sì lè ràn. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fọ ohun gbogbo tó kàn án, ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Níkẹyìn, akọ rẹ̀ kì í pẹ́ láyé bí abo. Bí akọ bá ti dàgbà tán, tí kò fẹ́ jẹun mọ́, tí ó ń rìn káàkiri títí ó fi rọ, ogbó ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́. Àwọn aláǹtakùn onírun kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní irun tó ń yúnni, tí wọ́n fi ń lé ọ̀tá. Tiwa kò ní irú irun bẹ́ẹ̀: eyín ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ó yára púpọ̀, oró rẹ̀ sì le. Kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ pọ̀, ó sì lè fa pajápajá tí kò ní lọ bọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, yálà ó ń ṣàìsàn tàbí ara rẹ̀ dá. Ẹ fi ife dé e, ẹ ti bébà líle sábẹ́ ife, kí ẹ tó gbé e. Ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ fi gbé oúnjẹ fún un. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í. Kí ọmọdé má sì dá nìkan wà pẹ̀lú ike náà rárá.

Ilé tó yẹ ẹ kò gba owó. Ike tó ga ju bí ó ti fẹ̀ lọ, nítorí pé ará orí igi ni. Ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èèpo igi gbígbẹ tí a gbé dúró kí ó lè sá sẹ́yìn rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Àti omi nínú ohun tí kò jìn, tí a ń pààrọ̀. Ẹ má gbé e sínú oòrùn. Ìrẹ̀ kan tàbí aáyán kan tí kò tóbi ju ara rẹ̀ lọ, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, tó o. Ẹ má fi méjì sínú ike kan, nítorí pé wọn yóò pa ara wọn jẹ.

Nígbà tí a bá ti mọ gbogbo èyí tán ni ìbéèrè tó le jù tó dé: ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wa? Ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Barbara York Main bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn aláǹtakùn tó ń gbé inú ihò ilẹ̀ ní 1974, ìbátan àwọn mygale ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Nọ́ńbà 16, lo ọdún 43 kí ó tó kú ní 2016. Kì í ṣe ogbó ni ó pa á, agbọ́n ni. Inú ihò kan náà ni ó sì ti lo ayé rẹ̀. Tiwa tó ń gbé orí igi kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ abo rẹ̀ lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ọmọ tó bá fi í sínú ike ní kíláàsì Seconde yóò ti gba baccalauréat, yóò ti lọ sí Abomey-Calavi, ó tilẹ̀ lè ti gbéyàwó, aláǹtakùn yóò ṣì máa retí omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó lè máa sìn ín. Ó lè tà á, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago láti Kútọnu pé òun ti rí ẹlòmíràn tó fẹ́ rà á. Ó sì lè dá a padà. N kò bá a yàn. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un: pé àwọn ẹranko kan máa ń kú lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n, pé owó ìwé jẹ́ ohun gidi, àti pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú, àìríṣẹ́ ni ó sọ ọ́ di ọdẹ aláǹtakùn. Ó bi mí pé: « Ta ni yóò máa fún un lómi lójú ọ̀nà? » N kò lè dá a lóhùn. Ó mọ igi osè tí wọ́n ti mú un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí aláǹtakùn náà ti jẹ ìrẹ̀ kejì, ó gbé e lọ síbẹ̀, ó ṣí ike náà sí ẹnu ihò, ó sì dúró títí tó fi wọlé. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dùn. Ìwé tó yẹ kí ó rà, ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni ó ṣì ti ń yá a títí di òní.

Ẹ má ṣe sọ gbogbo aláǹtakùn sígbó nítorí ìtàn yìí o. Èyí tí a mọ igi rẹ̀, tí kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa, tí ara rẹ̀ sì dá, ni a lè dá padà sí igi kan náà. Èyí tó ti ilẹ̀ mìíràn wá, tàbí tó ti bá ẹranko àjèjì gbé pọ̀, kò yẹ kí ó wọ igbó wa, nítorí pé ó lè kó àrùn lọ fún àwọn tó wà níbẹ̀. Irú èyí di ti ẹni tó ń sìn ín títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn bá rú lójú, kí ó béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts tó bá sún mọ́ ọn jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí ohun tí àwọn bàbá wa máa ń sọ nípa ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ: kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ ihò igi, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni yóò fún un lómi ní ìgbà ọyẹ́? Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí mo bá rìnrìn àjò? Ta ni yóò ní sùúrù láti fi í sílẹ̀ nígbà tó bá ń fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀? Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ihò náà wà bí ẹ ti bá a. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ti ní ọ̀kan nínú ike nílé, kí ó wo ìdérí omi rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ó bá ti gbẹ, kí ó bu omi sí i, kí ó dé e padà jẹ́jẹ́, kí ó sì lọ sùn. Ó di oṣù tó ń bọ̀.